Ìgò Tí Mujeebat Gbé Sá

Ìkòkò àkọ́kọ́ tí wọ́n fọ́ láàárọ̀ Sátidé yẹn kò tíì tutù tán. Mujeebat ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ mílíìkì kalẹ̀ lórí iná ni, ó ti dà á sínú ìkòkò amọ̀, ó ń fi ìka wò ó bóyá ooru rẹ̀ ti rọlẹ̀ tó bó ṣe yẹ, nígbà tí wọ́n ta ilẹ̀kùn àgbàlá nípàá. Olúsọjí mẹkáníìkì ló wọlé, sípánà gígùn tó fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí i, kò sì bi í ní nǹkan kan. Ó gbé sípánà sókè, ó fi gbogbo agbára gbá ìkòkò náà. Mílíìkì ta sí Mujeebat lójú àti láyà, ó ta sára ògiri, ó sì ṣàn lọ sídìí ààrò níbi tó ti ń hó lórí eérú gbígbóná.

"Ọmọ mi ń kú lọ!" ni Olúsọjí ń pariwo. "Ọmọ mi ń ya ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù! Kí lo fi sínú wàrà tó ò ń fún un mu?"

Ìgbájú bá Mujeebat lójú ẹsẹ̀. Ó ṣubú sáàárín àpáàdì ìkòkò, àpáàdì sì gún un ní ìgbọ̀nwọ́. Mẹkáníìkì mẹ́ta tó bá Olúsọjí wá kò wá wòran. Ọ̀kan ń fi ẹsẹ̀ fọ́ igbá, ọ̀kan ń fi bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé na ògiri títí tó fi dá sí méjì, ẹnì kẹta gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tó ti dúdú tí wọ́n fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì, ó ń dà á sínú ìkòkò tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn àwọn yàrá tó yí àgbàlá ká ń ṣí, àwọn ènìyàn ń yọjú, wọ́n sì ń padà wọlé.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, nítorí pé kò sí ọmọ kan ní òpópónà yẹn tí kò mọ adùn ọwọ́ obìnrin tí wọ́n ń lù náà. Ìyá Wàrà ni gbogbo Agbowó ń pè é. Bí wọ́n sì ti ń lù ú, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: ìgò kan tó wà nínú omi tútù lẹ́yìn àmù. Bí wọ́n bá fọ́ gbogbo ìkòkò tí wọn kò sì rí ìgò yẹn, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, iṣẹ́ rẹ̀ parí, ayé rẹ̀ sì parí pẹ̀lú rẹ̀.

Ìgò ẹ̀pà lásán ni, irú èyí tí wọ́n ń kó ẹ̀pà sísun sí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì. Wàrà kíkan díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, èyí tí Mujeebat máa ń bù pamọ́ lójoojúmọ́ kó tó ta ìyókù, tí yóò sì bù sí mílíìkì ọjọ́ kejì kí tọ̀hún náà lè kan, kó sì dì. Láìsí i, mílíìkì á kàn bàjẹ́ ni. Ìyá ni Mujeebat ń pe ohun inú ìgò náà.

Ṣakí ló ti rí i. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ àgbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí pàṣán. Bí ó bá rán an lóko tó wá bá a ní gáà àwọn Fúlàní, ẹ̀yìn ọmọ náà á ru. Ọmọ náà ò sì yé lọ. Nàfísátù, ìyàwó olórí gáà, ló kọ́ ọ níṣẹ́: á se mílíìkì títí yóò fi hó, á jẹ́ kó rọlẹ̀ títí ìka á fi lè wà nínú rẹ̀ kéèyàn ka ení dé ẹ̀wá, á wá bu ṣíbí díẹ̀ nínú ti àná sí i, á bò ó mọ́lẹ̀.

"Má jẹ́ kó tán láé," ni Nàfísátù máa ń wí. "Èyí tí mò ń lò yìí, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gbà á. Òun náà gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀."

Lọ́jọ́ tí Mujeebat ń lọ sílé ọkọ, igbá wàrà kékeré kan ni Nàfísátù gbé fún un. Kò pẹ́ sígbà náà tí obìnrin náà kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì da màlúù wọn lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Bùsàrí ni ọkọ tó fẹ́, awakọ̀ ní gáréèjì Ojoo. Ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni, ó sì ń lu ìyàwó. Bí mọ́tò bá bàjẹ́ á lù ú. Bí mọ́tò bá dára, á mu ọtí sí i, á sì lù ú. Ní ọdún kejì ó dá apá rẹ̀ òsì. Ní ọdún kẹrin, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó fa yẹtí etí rẹ̀ já tòun tẹran. Ẹ̀jẹ̀ rin aṣọ Mujeebat láti ọrùn dé ìdí. Àwọn aládùúgbò dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ pé, "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ẹ má dá sí i." Bùsàrí wá kọjú sí igbá wàrà, ó ń fi bàtà tẹ̀ wọ́n fọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Nínú èyí tó kẹ́yìn ni Mujeebat ti sáré bu ìwọ̀nba tó lè bù sínú ìgò ẹ̀pà kan, ó ki àkísà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì sá. Ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn láti Ojoo dé Agbowó. Ìgò wà lábẹ́ ọmú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ etí ń kán sórí ìgò.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá lórí ìyẹn. Etí ti jiná, ó kàn ya sí méjì ni. Ohun tí kò jiná ni pé ó sá.

"Ìgò tó nípọn wà lọ́wọ́ mi," ló máa ń sọ bó bá ń dá sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́. "Orí Bùsàrí sì wà níwájú mi. Mo wá ń sá."

Ó mọ ìdí tí kò fi là á mọ́ ọn. Ìyá wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ó ń ká a lára.

Ní Agbowó, ó gba yàrá kan nínú àgbàlá oníyàrá mẹ́jọ, mílíìkì tútù sì ń ti gáà kan lẹ́yìn Ojoo wá fún un láràárọ̀. Oníbàárà ò wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń sọdá títì wá, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ń yà, àwọn tíṣà ń yà. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tó le bí òkúta: ibẹ̀ ni wàá ti mu ún, wàá sì mu ún tán. Kò sí ẹni tó ń gbé wàrà Mujeebat lọ sílé. Ó ní bí oòrùn bá pa á lọ́nà tó sì ba inú ẹnì kan jẹ́, orúkọ òun ni wọ́n máa pè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò fẹ́ kí Ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Dókítà Bọ́láwárìn gan-an ò rí i gbà. Obìnrin tó ń kọ́ni nípa oúnjẹ ní yunifásítì ni, ilé rẹ̀ wà ní Bódìjà, ó sì ń wá mu wàrà lọ́jọọjọ́ Wẹ́sìdeè. Lọ́jọ́ kan ó bẹ Mujeebat pé kó fún òun ní ṣíbí kan ṣoṣo kí òun fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Mujeebat mú un búra pé bó bá ti wò ó tán yóò dà á nù. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dókítà padà wá, ojú rẹ̀ ń dán.

"Màmá, ọmọ ogun ló kún inú ìgò yín," ló wí. "Kòkòrò abẹ̀mí ni wọ́n, ojú lásán ò lè rí wọn, tiwa sì ni wọ́n. Bí ẹ bá gbé wọn mì, ọ̀pọ̀ á kú lọ́nà. Àwọn tó bá balẹ̀ sínú ìfun á gbàyè níbẹ̀. Bí kòkòrò búburú bá dé, kò ní ríbi jókòó, kò ní rí oúnjẹ jẹ, wọ́n á sì tún máa tu omi kíkan sí i lára títí á fi kú."

"Ìjà nìyẹn," ni Mujeebat sọ.

"Ìjà gidi ni. Àwọn ọmọ ogun tí ara wa fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ láti gbèjà wa, inú ìfun yẹn náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé. Bí àwọn tinú wàrà bá ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ojú àwọn tiwa á là, wọ́n á máa mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́."

"Mílíìkì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àbí kòkòrò nìkan ló ń ṣiṣẹ́?"

"Mílíìkì ń ṣiṣẹ́. Èròjà amáradàgbà wà nínú èyí tó dì, ó tún wà nínú omi tó ń yọ sójú wàrà yẹn. Ẹ má da omi yẹn nù o. Ara ń fi èròjà yẹn mọ ọmọ ogun tuntun. Ọ̀kan tiẹ̀ wà nínú wọn tó máa ń gba èròjà irin mọ́ kòkòrò búburú lọ́wọ́, èyí tí kò bá sì rí irin lò nínú wọn kò ní lè bí sí i." Dókítà wá na ìka sí i. "Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní oògùn fún ẹnikẹ́ni o, Màmá. Bí ọ̀tá bá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n sì pọ̀ jù, wọ́n á borí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Mujeebat ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Òun tó sá fún Bùsàrí, ó wá di pé ọmọ ogun lòun ń tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dókítà ní kí òun fi díẹ̀ pamọ́ sínú fírísà yunifásítì, nítorí ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe èyí tó wà nílé, ojú Mujeebat le.

"Ìyá mi kì í sùn sílé onílé," ló fi dá a lóhùn. Agídí ni, mi ò ní fi pamọ́ fún yín.

Ọmọ kan ṣoṣo ló rí ìyọ̀ǹda gbà láti máa mu wàrà náà nílé. Ìrẹ̀mídé ni, ọmọ ọdún mẹ́ta, ọmọ Olúsọjí yìí àti Olúbùsọ́lá ìyàwó rẹ̀. Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti wá sí Ìbàdàn, yàrá wọn ló sì kángun sí ti Mujeebat. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wá ọmọbìnrin náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, bí etí ò bá dùn ún, ọ̀nà ọ̀fun ni, bí kò bá ṣe ọ̀nà ọ̀fun, inú ni. Áńtíbáyọ́tììkì lórí áńtíbáyọ́tììkì ni wọ́n ń fún un, oògùn yẹn sì ń pa kòkòrò búburú àti ti rere pọ̀, tó fi jẹ́ pé àìsàn á lọ, inú rẹ̀ á wá máa ṣí bí ẹ̀rọ omi. Ó gbẹ débi pé egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà.

Mujeebat ò lè wò ó níran. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló ti ń bu ife kan fún ìyá Ìrẹ̀mídé láràárọ̀, nítorí ọmọ náà ò jẹ́ mu nǹkan kan lójú àlejò. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìrẹ̀mídé ti yọ, ó ń sáré kiri àgbàlá, ó ń lé adìyẹ. Olúsọjí fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níwájú Mujeebat, ó ní, "Ìyá Wàrà, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín."

Ẹnu yẹn náà ló ń pè é ní apọmọ láàárọ̀ Sátidé.

"Bàbá Ìrẹ̀mídé, ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ," ni Mujeebat ń wí láti ilẹ̀. "Èèyàn tó lé ní àádọ́ta ló mu nínú wàrà yẹn lánàá. Ta ló ṣàìsàn nínú wọn?"

"Àwọn ò kàn mí! Tèmi ni mo mọ̀!"

Ó fi ẹsẹ̀ gbá a níhà. Mujeebat gbọ́ ohun kan tó ró nínú ara rẹ̀, èémí sì já mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì fi irun fà á sókè, èkejì gbá a lẹ́nu, eyín iwájú kan sì bọ́ sílẹ̀ sínú mílíìkì àti ọ́ìlì. Ilẹ̀ ń yọ̀. Nígbà tí ẹni tó di irun rẹ̀ mú yọ̀ ṣubú, Mujeebat fi eékún àti ìgbọ̀nwọ́ wọ́ dé ìdí àmù, ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fa ìgò jáde. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó dìde, ó gbá ìgò mọ́ra.

Olúsọjí rí i. "Kí nìyẹn? Gbé e wá! Ibẹ̀ ni májèlé yẹn wà, àbí?"

"Ẹ fọ́ gbogbo ilé," ni Mujeebat wí, ẹ̀jẹ̀ ń tu lẹ́nu rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. "Ẹ fọ́ orí mi pàápàá. Ẹ má fọwọ́ kan èyí."

"Mo ní gbé e wá!"

"Májèlé lẹ pè é?" Ó fa àkísà kúrò lẹ́nu ìgò, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún. Ìgbémì kan ṣoṣo ni, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wàrà àti ẹ̀jẹ̀ dà pọ̀ sí i ní àgbọ̀n. "Mo ti mu ún. Ẹ jókòó kí ẹ máa wò mí títí màá fi kú."

Ìyẹn ò tu ìbínú Olúsọjí lójú. Ó na sípánà, ó gbá Mujeebat ní èjìká òsì, apá tí Bùsàrí ti dá rí sì rọ jọwọrọ. Ọwọ́ ọ̀tún ò fi ìgò sílẹ̀. Olúsọjí tún gbé sípánà sókè.

Ìgbà náà ni Olúbùsọ́lá wọlé láti ọsibítù. Gèlè ò sí lórí rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bára mu. Dókítà tó ń tọ́jú ọmọ ló rán an wálé, ó ní kó gbé gbogbo ohun tí ọmọ náà jẹ àti èyí tó mu lánàá wá fún àyẹ̀wò. Kò wo apá ibi tí ìjà wà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wọnú yàrá wọn. Nígbà tó jáde, ife Ìrẹ̀mídé wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, kẹ́ẹ̀gì funfun kékeré kan wà ní èkejì, ìdérí kẹ́ẹ̀gì náà sì ti ṣí. Ó rí Mujeebat lára ògiri. Ó rí eyín tó wà nílẹ̀.

"Bàbá Ìrẹ̀mídé," ló wí, "ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

"Wọlé lọ!"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ni."

Olúsọjí ò tíì yí ojú padà. "Ìwọ ni kí ni?"

"Omi àdúrà ni mò ń fi pò ó." Ó jókòó sílẹ̀ lójijì. "Wàrà yẹn ki jù fún ọmọ, ó sì kan. Ọkàn mi ò sì balẹ̀ sí nǹkan tó ti gáà wá. Mo ní kí n máa bu omi àdúrà díẹ̀ sí i láràárọ̀ kó bàa lè yà sí mímọ́."

"Omi àdúrà wo ló ń ṣe ọmọ báyẹn? Ṣebí gbogbo wa la mu nínú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Èyí tí a gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ gaara. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láti ọjọ́ tó ti pẹ́." Ó wo kẹ́ẹ̀gì náà bí ẹni tí kò rí i rí. "Bó bá ti lọ sílẹ̀, mo máa ń fa omi kànga kún un. Mo ní díẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ á ya èyí tó bá wọlé sí mímọ́. Bí Ìyá Wàrà ṣe ń fi ti àná sọ ti òní di wàrà, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe rò ó. Ìṣe wọn ni mò ń wò."

Kò sí ẹni tí kò mọ kànga yẹn. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ṣaláńgá, òjò ọ̀sẹ̀ méjì sì ti mú kí méjèèjì kún dé ọrùn. Gbogbo ilé ló ń se omi rẹ̀ kí wọ́n tó mu ún. Olúbùsọ́lá náà ń sè é. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé omi àdúrà ka iná?

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i báyìí ni," ni Olúbùsọ́lá wí. "Mo gbọ́ òórùn rẹ̀."

Mo rò pé Olúsọjí á ju sípánà sílẹ̀ níbẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀ bó ti dọ̀bálẹ̀ nígbà kan. Ohun tó yẹ ọmọ ènìyàn nìyẹn. Ọkùnrin yìí kàn yí ara padà ni. Ìbínú tó gbé wá kò tíì tán, ó sì ti rí ibòmíràn tí yóò dà á sí. Ó ta kẹ́ẹ̀gì dànù, ó di ọrùn aṣọ ìyàwó rẹ̀ mú, ó fà á dìde, ó fi orí rẹ̀ na òpó. Olúbùsọ́lá ò tiẹ̀ gbé ọwọ́ sókè láti gba ara rẹ̀. Olúsọjí tún fi orí rẹ̀ na òpó, ó wá gbé sípánà.

"Ìwọ lo fẹ́ pa ọmọ mi! Ọdún mẹ́sàn-án! Ìwọ!"

Mujeebat wo àwọn mẹkáníìkì mẹ́ta náà. Àwọn tó yọ eyín rẹ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n ti ń fà sẹ́yìn. Ọ̀kan ń nu ọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó sì sọ ọ́, ó sọ gbólóhùn yẹn gan-an, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ojoo.

"Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ohun tó wà lọ́wọ́ Mujeebat kò ju ẹyọ kan lọ. Apá òsì ò ṣiṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún sì di ìgò mú. Ó lè gba ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ yẹn jáde lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní dá a dúró. Obìnrin tí wọ́n ń lù náà ló bu omi ṣaláńgá sínú wàrà rẹ̀, tó sì jẹ́ kí wọ́n wá lù ú nítorí rẹ̀. Ó mọ gbogbo ìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí sí ọ̀nà ilẹ̀kùn pàápàá.

Ó wá rìn lọ sídìí òpó. Ó gbé ìgò sókè, ó sì là á mọ́ Olúsọjí láàárín orí.

Ìgò ẹ̀pà nípọn. Orí ló kọ́kọ́ là, ìgò wá fọ́ tẹ̀ lé e. Sípánà bọ́ sílẹ̀. Olúsọjí fi eékún kúnlẹ̀, wàrà funfun ń ṣàn gba iwájú orí rẹ̀ wá sójú, ẹ̀jẹ̀ ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Ó dojú bolẹ̀ sínú ọ́ìlì.

"Fọwọ́ kàn án mọ́," ni Mujeebat wí fún un, "màá fi èyí tó kù lọ́wọ́ mi yìí gún ọ."

Ìdí ìgò ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn aládùúgbò wá jáde tán, tí wọ́n ń fi omi sí Olúsọjí lórí, tí wọ́n ń wá kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé gbogbo wọn lọ, Mujeebat ṣì jókòó sílẹ̀, ó ń wo inú rẹ̀. Wàrà tó kù níbẹ̀ kò ju ṣíbí ọmọdé kan lọ. Ẹ̀jẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ọn, àfọ́kù ń dán nínú rẹ̀. Ó wo ìkòkò, ọ́ìlì dúdú ló wà nínú gbogbo wọn. Ó wo ilẹ̀, adìyẹ ti ń ṣa ibẹ̀ jẹ. Ó ronú kan Dókítà Bọ́láwárìn àti fírísà tí òun kọ̀. Ìgbà náà ló tó sunkún. Gbogbo lílù yẹn kò mú un sunkún.

Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n tó gbà fún àlejò láti wo Ìrẹ̀mídé. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé kòkòrò inú omi kànga ló ya bò ó. Dókítà ọsibítù ní ọmọ náà jà, ó ní ara tó ti ń le láti oṣù mélòó kan ran oògùn lọ́wọ́, bó bá jẹ́ bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá ni, òun ò mọ̀ bóyá ìbá yè. Ife rẹ̀ tí wọ́n gbé wá fún àyẹ̀wò, wọ́n ti da ohun inú rẹ̀ nù, wọ́n sì ti fi omi gbígbóná àti oògùn fọ̀ ọ́. Mujeebat béèrè bóyá wàrà díẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀, ìdáhùn tí wọ́n fún un nìyẹn.

Ó wọlé pẹ̀lú apá tí wọ́n fi báńdéèjì so mọ́ ọrùn. Olúbùsọ́lá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ kan ṣì wú. Ó kúnlẹ̀, kò sì lè sọ ju "Ẹ má bínú, Ìyá Wàrà" lọ. Olúsọjí wà lórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rán orí rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá. Kò gbójú sókè.

Ìrẹ̀mídé ló rí i kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mìíràn. Omi tí wọ́n ń fà sí i lára ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọwọ́ Mujeebat, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìyá Wàrà, wàrà mi dà?"

"Kò sí mọ́, ọmọ mi."

"Ta ló mu ún?"

"Ẹnikẹ́ni ò mu ún," ni Mujeebat wí. "Mo fi na bàbá ẹ lórí."

Ọmọ náà wo orí bàbá rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ funfun wé, ó rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ò rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà. Olúsọjí dìde, ó ti àga rẹ̀ sún mọ́ Mujeebat kó jókòó, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.